Òórùn Àdí

Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí mi lẹ́yìn, ìrora kò lọ, ẹsẹ̀ òsì mi sì kú, kì í mọ nǹkan kan. Lónìí, bí ọmọbìnrin mi ṣe ń fi àdí ra mí lára, òórùn rẹ̀ gbé mi padà sí yàrá wa ní Ajégúnlẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan.

Bàbá mi, tí wọ́n ń ru àpò ìrẹsì ní èbúté Àpápá, dojú bolẹ̀ lórí ẹní, ẹ̀yìn wọn ń dán fún àdí.

"Gun ẹ̀yìn mi, ọmọ mi. Tẹ̀ ẹ́ dáadáa."

"Ṣé kò dùn yín?"

"Àpò ìrẹsì ò pa mí, ìwọ lo máa wá pa mí?"

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi èékánná họ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Wọn ò fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Màámi, Bàbá ò mọ̀ pé mo ń họ wọ́n lẹ́sẹ̀!"

Màámi gbé àwo tí wọ́n ń fọ̀ sílẹ̀.

"Mo mọ̀," ni Bàbá wí kíákíá. "Mo máa lọ síbi iṣẹ́ lọ́la."

Ẹ̀rù ló wà nínú ohùn yẹn, ṣùgbọ́n èmi kò mọ̀ ọ́n nígbà náà.

"Bàbá," ni ọmọbìnrin mi wí, "ṣé ẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ òsì yín ni mo ń ra báyìí?"

"Mo mọ̀," ni mo wí kíákíá.