Eegun Inú Àwo Bàbá Wa

Bí atẹ́gùn bá fẹ́ láti ọ̀nà ọjà Mile 12 wá sílé wa ní Ikosi, òórùn tòmátì tó ti rà ló máa ń kọ́kọ́ wọlé. Lọ́jọ́ Àìkú tí mò ń wí yìí, ọbẹ̀ ẹran ewúrẹ́ tí àbúrò mi obìnrin ń sè borí rẹ̀, ó ń ta sánsán dé ẹnu géètì. Inú tèmi ò dùn. Dókítà eyín ní Kétu ti gbẹ́ eyín mi kan lápá òsì, ó sì ti fi nǹkan bò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ẹ máa fi ọ̀tún nìkan jẹun." Mo ní, "Ìgbà wo lẹ rí mi tí mo fi òsì jẹun?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu lòun ń wí, pé n ò gbọdọ̀ jẹ ohun líle títí wọ́n á fi dé eyín náà ládé, ìyẹn ìbòrí líle tí kò ní í yọ. Nígbà tí àbúrò mi gbọ́, ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. "Kábíyèsí Eléyín! Ẹ kú oríire o, Aunty mi."

Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ náà ju eyín lọ. Láti kékeré ni bàbá wa ti máa ń mú eegun inú àwo wọn fún mi. "Gbà, ìwọ lo léyín." Bí mo bá ń rún un, wọn á dáwọ́ oúnjẹ dúró, wọn á máa wò mí. Èmi nìkan ni wọ́n ń wò bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n mú eegun, wọ́n wò mí, wọ́n sì nà án sí àbúrò mi. Ó fi eyín fọ́ ọ, ó ń fa mùdùnmúdùn rẹ̀ fùùrù. Èmi abiyamọ, tí mò ń fi ṣíbí tẹ iṣu, mo jowú débi pé omi lé sí mi lójú. Mo dìde lọ sílé ìdáná, mo mú eegun kan nínú ìkòkò, mo gbé e sápá òsì ẹnu mi gan-an.

"Má dán an wò." Bàbá wa ló dúró lẹ́yìn mi. Wọ́n rọra gba eegun náà lọ́wọ́ mi. "Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fún ẹ ní eegun, eyín mi ló ti ń mì. Bí o ṣe ń rún un, inú ń bí mi. Mo kàn ń fún ẹ ṣáá ni."

N kò mọ̀ pé owú ni wọ́n fi ń wò mí láti ọjọ́ yìí wá, tí wọn ò sì fìgbà kan fi eegun náà dù mí. Dókítà ti dé eyín mi ládé báyìí, ó le bí òkúta. Síbẹ̀, bí bàbá wa bá na eegun sí mi, màá gbà á, màá sì nà án sí àbúrò mi. Bó bá ti ń rún un, èmi àti bàbá wa á jọ máa wò ó. Ó ṣì máa ń dùn mí díẹ̀.