Etí Ìró Ìyá Mi

Òórùn aṣọ wáàsì tuntun, èyí tí àwọn kan ń pè ní àǹkàrá, ni mo fi ń rántí Ìfọ̀nyìn. Kì í ṣe òórùn epo pupa o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé epo pọ̀ lọ́dọ̀ wa débi pé ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé máa ń yọ̀. Òórùn aṣọ tí omi ò tíì kàn rí ni mò ń wí, aṣọ tó ṣì le gbagidi, tí òórùn rẹ̀ jọ ti àbẹ́là tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pa. Bí o bá wọ àtẹ́líẹ̀ tí mo ti kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ, lẹ́bàá títì tó lọ sí Ìgólò, òun ló máa kọ́kọ́ kí ọ káàbọ̀, kí èéfín áyọ́ọ̀nù eléèédú tó wí tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, o bi mí níjọ́sí pé kí ló dé tí ojú mi máa ń yí padà bí oníbàárà bá ní kí n rán aṣọ ẹlẹ́tí fún òun, mo sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo gbọ́ ọ. Ẹnu mi ni ò gbà á lọ́jọ́ náà.

Àsìkò Rẹfolúsíọ̀n ni, nígbà tí ìjọba kéde pé ayé ti yí padà ní ìhà tiwa lẹ́bàá bodè Nàìjíríà. Kamaráàdì la ń pe ara wa, àtolówó àti tálákà. Rédíò ò ní kí ọ káàárọ̀ tán kó tó rán ọ létí pé ìjà ò tíì parí, bẹ́ẹ̀ lo ò mọ ẹni tí ò ń bá jà. Àwọn ọmọ ilé ìwé á wọ kakí, wọ́n á gbé ọkọ́ lọ sí oko tí ìjọba ní kí wọ́n dá. Pátírọ̀n, bẹ́ẹ̀ la ń pe ìyá tó ń kọ́ wa níṣẹ́, ní àwọn ìwé aṣọ kan tí wọ́n bá a mú wá láti ìlú Faransé, àwọn obìnrin tó rí tín-ín-rín bí igi ìṣáná ló kún inú wọn. Ọjọ́ tí aṣojú ìjọba àdúgbò wa yà wọlé, tó rí wọn lórí tábìlì, ó ṣí méjì mẹ́ta, ó ní, "Kamaráàdì, ohun àwọn amúnisìn nìwọ̀nyí o." Kò pariwo, kò gba nǹkan kan. Ó kàn sọ ọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Pátírọ̀n ti fi gbogbo ìwé náà koná sí èédú áyọ́ọ̀nù. Ẹ̀rù bà á. Ẹ̀rù ń ba gbogbo èèyàn nígbà yẹn, a kàn ń fi ẹ̀rín bò ó ni.

Níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí ìwé mọ́, títì ló kù. Bí oòrùn bá mú, tí iṣẹ́ bá fà sẹ́yìn díẹ̀, Pátírọ̀n á kó àwa ọmọ ìkọ́ṣẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú àtẹ́líẹ̀, á ní, "Ẹ wo èèyàn. Ẹni tí kò bá rí nǹkan kan lónìí, kó má fẹsẹ̀ kan máṣíìnì mi lọ́la." A sì ń wò, ìwọ! Àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé èrò lọ sí Ìgólò máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì wọn sódì, kí atẹ́gùn má baà wọ̀ wọ́n láyà, bọ́tìnnì á wá wà lẹ́yìn. Ibẹ̀ la ti rí kaba oníbọ́tìnnì ẹ̀yìn tí àwọn obìnrin olùkọ́ wá ń jà sí. Ìyá kan ń ti oko bọ̀ láti Tchaada, ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè, ó fi ìko so ó ní ìgbọ̀nwọ́. Ọjọ́ kejì, Pátírọ̀n ti gé apá aṣọ kan tó fún ní ìgbọ̀nwọ́, tó sì wú ní èjìká. Inú mi máa ń dùn nígbà náà débi pé mo máa ń gbàgbé ebi. Àṣé ẹni tó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀ lè gbé nǹkan tó dáa tó báyẹn sára, kí òun fúnra rẹ̀ má sì mọ̀!

Ìyá mi náà ń kọjá níbẹ̀. Ó wà lára àwọn obìnrin tó ń kó wáàsì lọ sí Ìdí-Ìrókò. Nàìjíríà ò fẹ́ kí aṣọ òkèèrè wọ ilẹ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn obìnrin wọn ò ṣe tán láti ṣíwọ́ ríró o. Kí wá làwọn ìyá wa ṣe? Wọ́n ń ró o kọjá ni. Ìró lórí ìró, tuntun lórí tuntun, títí ìdí á fi tóbi, tí ẹni tí ò mọ̀ á máa rò pé ara wọn ló sanra bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá dé òdìkejì, wọ́n á wọ ilé oníbàárà, wọ́n á tú u, wọ́n á sì padà sílé ní pẹlẹbẹ. Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà ní etí ìró: kí ti ìsàlẹ̀ má yọ lábẹ́ ti òkè, kí aṣọ́bodè lè rí ìró kan ṣoṣo. Ìyá mi mọ̀ ọ́n tò ju gbogbo wọn lọ. Òun ló fi ń bọ́ wa láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, kò sì ní iṣẹ́ mìíràn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ó yà kí wa kó tó máa lọ sí bodè. Bó ṣe dìde lórí bẹ́ǹṣì ni atẹ́gùn fẹ́, ìró òkè sì ká sókè díẹ̀. Ọ̀rẹ́, mi ò lè parọ́ fún ọ, ó rẹwà! Búlúù ló kọ́kọ́ wà, ìyeyè yọ lábẹ́ rẹ̀, pupa yọ lábẹ́ ìyeyè, wọ́n tò lé ara wọn ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ kíá, ó fà á sísàlẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, Pátírọ̀n ti kúnlẹ̀, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì yàwòrán kaba sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ tì í. Mo ní, "Pátírọ̀n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ mọ ohun tó wà ńbẹ̀."

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Ṣé ìwọ náà rí bí pupa yẹn ṣe yọjú?"

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, kaba náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà àtẹ́líẹ̀, lórí ìṣó. Aṣọ kan ṣoṣo ni, kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀, etí oríṣiríṣi àwọ̀ ni wọ́n rán mọ́ ìdí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń kọjá ń dúró wò ó. Inú mi ń dùn, ọkàn mi ò sì balẹ̀, àwọn méjèèjì ń bá ara wọn jà nínú mi.

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé òun fẹ́ ẹ ni ìyàwó ọ̀gá aṣọ́bodè òdìkejì. Ọmọge tó lẹ́yinjú ni, tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ wa ló ti máa ń rán aṣọ, ó ní ọwọ́ àwọn aránṣọ tiwọn ò mọ́ tó tiwa. Pátírọ̀n ní ti èèyàn kan nìyẹn. Ọmọge náà ní, "Ẹ̀ ẹ́n, kẹ́ ẹ rán tèmi náà nù un, Màmá. Ọkọ mi á fẹ́ràn ẹ̀." Bó ṣe lọ tán, mo wólẹ̀. Mo ní kí Pátírọ̀n dákun rán etí náà sí apá aṣọ, tàbí sí ọrùn, ibikíbi tó bá ti jìnnà sí ẹsẹ̀. Ó wo kaba tó wà lórí ìṣó. Ó wá ní, "Ó máa burẹ́wà. Mi ò lè rán ohun tó burẹ́wà fún oníbàárà kí n wá máa pera mi ní kutiríyẹ̀, ọ̀gá aránṣọ. Aṣọ ni, kò lẹ́nu."

Mo sáré lọ bá ìyá mi nílé, mo rò gbogbo rẹ̀ fún un. Ẹ̀rín ló fi mí rín. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí! Àwọn aṣọ́bodè tó jẹ́ pé igbá orí wa ni wọ́n ń wò. Ta ló ń wo ẹsẹ̀ ìyá arúgbó?" Kò darúgbó nígbà yẹn o, ó kàn fẹ́ràn láti máa pera rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sinmi díẹ̀. Ó ní bí òun bá sinmi, ṣé n máa rán etí aṣọ fún àwọn àbúrò mi jẹ ni?

Ìgbà tó tún ń lọ, mo ní mo fẹ́ bá a gbé apẹ̀rẹ̀, mo sì tẹ̀ lé e. Ìgólò, lẹ́nu bodè, kún bí ìṣe rẹ̀: àwọn tó ń ṣẹ́ owó jókòó sídìí tábìlì wọn, àwọn alábàárù ń kígbe kí a yàgò, òórùn bẹntiróòlù gba gbogbo afẹ́fẹ́. A kọjá lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè tiwa, a dé ọ̀dọ̀ ti òdìkejì. Ọ̀gá wọn wà lábẹ́ àtíbàbà, ó juwọ́ sí ìyá mi àtàwọn obìnrin mẹ́ta tó ń bá a rìn pé kí wọ́n máa lọ. Ó ti gbójú kúrò lára wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mí ni ìyàwó rẹ̀ yọ sí wa pẹ̀lú kúlà oúnjẹ ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó wọ kaba náà. Ó sì yẹ ẹ́, kò sí irọ́ ńbẹ̀.

Ó rí ìyá mi, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn gan-an. Ó pàtẹ́wọ́. "Háà! Màmá, ẹ̀yin náà ti rán tiyín! Ẹ wò ó, ọkọ mi, àwa méjèèjì la jọ rán irú kan náà!"

Kò ní èrò burúkú kankan nínú. Ó fẹ́ yìn ín ni. Ọkọ rẹ̀ wo ìdí aṣọ ìyàwó rẹ̀, ó wo ìdí ìró ìyá mi, níbi tí etí pupa kan ti yọ. Ó tún wo ti ìyàwó rẹ̀. Mo rí i nígbà tó yé e. Ó dìde, ó ní, "Màmá, ẹ dúró. Ẹ tú u."

"Kí n tú kí ni, ọmọ mi?"

"Ìró yín. Ẹ tú u lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ó tú u. Ojú títì níbẹ̀, lójú ọ̀sán gangan. Ó tú ti òkè, ó ká a dáadáa kó tó gbé e sílẹ̀, ó tú èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń ṣẹ́ owó dẹ́kun. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e mì nígbà tí kò rí ẹni bá a rín in. Ìdí ìyá mi ń kéré sí i lójú mi, títí ó fi ku ìró kan ṣoṣo, ògbólógbòó kan tó ti ṣá, tó ti ya ní ẹ̀gbẹ́, tí wọ́n fi àkísà aṣọ mìíràn lẹ̀. Èmi tí mò ń kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ, mi ò mọ̀ pé ìró ìyá mi ti ya. Ojú gbà mí tì débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ìyàwó ọ̀gá náà ti ń sunkún, ó bọ́ ìborùn èjìká rẹ̀, ó nà án sí i pé kó fi bora. Ìyá mi ò gbà á. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó wà lára yín, ìyàwó. Ẹ̀yin ló yẹ."

Wọn ò tì í mọ́lé. Wọ́n kó aṣọ náà, ti àwọn mẹ́ta yòókù pẹ̀lú, wọ́n ní ká máa lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń fi ọ̀pá gbé etí ìró gbogbo obìnrin tó bá ń kọjá. Iṣẹ́ àwọn ìyá wa bá bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò kí Pátírọ̀n mọ́, wọ́n á gba òdìkejì títì kí wọ́n má baà kan àtẹ́líẹ̀ rẹ̀. Ìyá mi gba iṣẹ́ bíbó ẹ̀gẹ́ fún àwọn onígàrí ní Banigbé. Nígbà tí Pátírọ̀n wá bẹ̀ ẹ́, tó fi àgbà ara kúnlẹ̀, ìyá mi gbé e dìde. Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kí n tú u." Èmi ni inú ń bí, mo ní mi ò padà síbẹ̀ mọ́. Ìyá mi fi igbe lé mi padà, títí mo fi gbòmìnira iṣẹ́. Pátírọ̀n ti yọ kaba náà kúrò lẹ́nu ọ̀nà, àmọ́ ó ti bọ́ sọ́wọ́ aráyé. Wọ́n ti ń wọ̀ ọ́ ní Àjàṣẹ́, wọ́n ti sọ ọ́ ní Ẹlẹ́tí, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá.

Ó tó ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí Rẹfolúsíọ̀n fúnra rẹ̀ ti ń mí gúlegúle, mo lọ kí ìyá mi ní Banigbé. A jókòó ti òkìtì ẹ̀gẹ́, a ń bó o. Ọmọbìnrin kan gba iwájú wa kọjá, ó wọ Ẹlẹ́tí, aláwọ̀ mẹ́rin, ó ń jó bó ṣe ń rìn. Mo sọ ojú sílẹ̀. Mo rò pé ìyá mi máa pòṣé, tàbí kó ṣépè.

Ó wò ó títí tó fi kọjá. Ó ní, "Ó dáa lára rẹ̀. Ó sì fúyẹ́."

Mo ń bó ẹ̀gẹ́ ọwọ́ mi lọ. Ó mú ẹ̀gẹ́ mìíràn. Ó ní, "Nígbà tí ẹ̀ ń wo tèmi, ìwọ àti ọ̀gá rẹ, pupa lẹ rí, búlúù lẹ rí. Láti Ìfọ̀nyìn títí dé Ìgólò nínú oòrùn, gbogbo aṣọ yẹn ni mò ń fi ìdí rù. Kò sí ẹnì kan nínú yín tó bi mí pé ṣé ó wúwo."

Ọ̀rẹ́, bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Kò bínú, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí jù. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé ẹ̀gẹ́ yìí ti rà. Mo ṣì ń wo èèyàn lójú títì o, iṣẹ́ mi ni, mi ò sì lè fi í sílẹ̀. Àmọ́ bí ohun tí obìnrin kan wọ̀ bá wù mí báyìí, mo máa ń dìde, mo máa ń kí i, mo máa ń bi í ibi tó ti ń bọ̀, mo sì máa ń fún un lága kó jókòó, kí n tó wo aṣọ náà lẹ́ẹ̀kejì.