Ọjọ́ Tí Àwọn Ẹṣin Dúró l'Óníkan

Agogo mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan nínú ọyẹ́, nígbà tí èmi àti Alájà, ìyá tó bí bàbá mi, wọ pápá ńlá tó wà l'Óníkan. Mo mọ àkókò náà dájú nítorí pé lọ́dún yẹn, mi ò lè ṣe ohunkóhun kí n má wo aago. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀ ni, mo ní íńtáfíù lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wákàtí kọ̀ọ̀kan tó ń kọjá sì ń dà bí ohun tí wọ́n ń já gbà mọ́ mi lọ́wọ́. Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà: òógùn ẹṣin, koríko gbígbẹ, awọ gàárì tí wọ́n fi epo pa, àti ìgbẹ́ ẹṣin tútù tí eruku ọyẹ́ ti bò. Alájà dúró sójú kan. Ó di ọwọ́ mi mú, ó fa òórùn náà símú títí, ó ní, "Aṣọ bàbá yín nìyí." Kò sí aṣọ kankan níwájú wa. Òórùn tó máa ń bá ọkọ rẹ̀ wọlé láti ibi iṣẹ́ ló ń sọ.

Bàbá àgbà mi tọ́jú ẹṣin lórí ilẹ̀ yẹn kan náà, nígbà tí àwọn Òyìnbó ṣì ń fi ẹṣin sáré níbẹ̀, kí wọ́n tó da sìmẹ́ńtì yí i ká tó wá di pápá tí ṣọ́jà ti ń yan. Nígbà tí wọ́n bí mi, ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Òun ló máa ń wẹ àwa ọmọ agboolé lẹ́yìn kànga, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí a ti lè rí òrùlé Ìgà Ìdúngànràn, ààfin ọba Èkó. Bó bá ti ń fi kànrìnkàn bó wa lẹ́yìn, á ti ahọ́n mọ́ eyín, á máa fẹ́ atẹ́gùn jáde láàrin eyín náà: ṣíì, ṣíì, ṣíì, bí kànrìnkàn ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Bí àwọn olùtọ́jú ẹṣin ṣe ń ṣe nìyẹn tí wọ́n bá ń nu ẹṣin lára, kí eruku má bàa kó sí wọn lẹ́nu, kí ẹṣin náà sì mọ̀ pé iṣẹ́ ọjọ́ náà ti tán, kó dúró jẹ́ẹ́. Àwa náà máa ń dúró jẹ́ẹ́.

Oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ tí mò ń sọ yìí ni bàbá àgbà kú. Alájà ti jáde opó, ṣùgbọ́n kò jáde nínú yàrá. Kì í jẹun tó ṣíbí mẹ́ta. Ohun tó ń dùn ún jù ni pé Èbúté Èrò ló wà, tó ń nájà ẹ̀wà, nígbà tí ọkọ rẹ̀ mí ìmí ìkẹyìn. Kò sí ẹni tó wá kí i tí kò sọ fún pé, "Kò dágbére fún mi." Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Èmi tí mò ń sùn sí yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ń gbọ́ ọ títí kan ojú oorun, mo sì ń bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ yẹn ni yóò pa á.

Bàbá Ìlọrin ló mú un jáde. Láti kékeré ló ti kọ́ iṣẹ́ ẹṣin lọ́wọ́ bàbá àgbà, òun ló sì ń ṣe olórí àwọn olùtọ́jú ẹṣin fún ọ̀gá olówó kan nígbà náà. Ó wá kí wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó ní ọ̀gá òun fẹ́ kó ẹṣin méje lọ dá àwọn èèyàn lárayá l'Óníkan, ilẹ̀ tí bàbá àgbà fi ọdún ọgbọ̀n tẹ̀, kí Alájà wá jókòó níwájú kó wò ó. Ẹnu yà wá nígbà tí Alájà ní òun á lọ. Wọ́n ní kí n tẹ̀ lé e. Mo fẹ́ kọ̀ nítorí íńtáfíù mi, ojú tì mí pé mo fẹ́ kọ̀, mo sì tẹ̀ lé e.

Àwọn ẹṣin náà dára ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ilẹ̀ mọ̀ pé òun ń kọjá. Àwọn afunfèrè ń fọn, àwọn ẹṣin ń jó sí i. Ẹṣin pupa kan dùbúlẹ̀ gbalaja bí òkú, kò mira, eṣinṣin ń bà lé e lójú, àfìgbà tí Bàbá Ìlọrin súfèé ló tó dìde. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn sí bí ó ṣe mọ òkú ṣe tó. Èyí tó gba gbogbo ojú ni abo ẹṣin funfun kan tó ń fi ẹ̀yìn rìn, tó sì kúnlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì láti kí àwọn àgbàlagbà tó wà níwájú. Obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn wa, tó ní Ìdúmọ̀tà lòun ti ń ta aṣọ, pòṣé.

"Ẹ wo ìkúnlẹ̀. Ọmọ tí mo bí ò kí mi báyẹn láàárọ̀ yìí."

Ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn pé kó máa fi ṣúgà sí ọmọ náà lẹ́nu bíi ti ẹṣin náà. Alájà gbọ́, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́fà nìyẹn. Mo rántí pé mo wo ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú ìyanu, bí ẹni tó rí iná tó ń jó nílé tí wọ́n ti pa tì.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ọ̀pá kan dábùú níwájú wa gan-an, ó ga tó èjìká àgbàlagbà. Ẹṣin funfun ni yóò fò ó, àwọn mẹ́fà yòókù á tò lọ́tùn-ún lósì bí ẹ̀ṣọ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn bẹ̀ wá pé ká dákẹ́, nítorí ariwo lè da ẹṣin láàmú. Gbogbo pápá dákẹ́. Mi ò tíì gbọ́ irú ìdákẹ́rọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ rí l'Ékòó: kò sí hóònù, kò sí ẹni tó ń polówó, oòrùn funfun báláú nínú eruku, kò sì ta èèyàn lára. Bí ibì kan bá dákẹ́ báyẹn, ó máa ń ṣe mí bíi pé èmi ni gbogbo ayé ń dúró dè pé kó sọ̀rọ̀. Ẹṣin náà gbéra, pátákò rẹ̀ ń lu ilẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ̀rù bà mí pé yóò ṣubú. Mi ò mọ ìgbà tí mo ti ahọ́n mọ́ eyín. Ohun tí mo ti ń ṣe láti kékeré ni, nígbàkigbà tí ẹ̀rù bá ń bà mí: ṣíì, ṣíì, ṣíì.

Ẹṣin náà dúró. Kò dẹ eré, kò yà, ó dúró ni bí ohun tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Ọkùnrin tó gùn ún fò kọjá lórí rẹ̀, ó fi apá sọlẹ̀ lódì kejì ọ̀pá, a sì gbọ́ bí eegun ṣe dá. Àwọn mẹ́fà yòókù náà rẹ orí sílẹ̀, wọ́n sinmi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, wọ́n yí etí sí ọ̀dọ̀ wa. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ohun tó kàn yìí, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ẹnu mi ti pa dé, àtẹ́lẹwọ́ mi wà lórí rẹ̀, mo sì ń gbọ́ ìró náà síbẹ̀. Ó rọra ju tèmi lọ. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, fèrè kékeré kan sì wà nínú rẹ̀, irú èyí tó wà nínú ti bàbá àgbà látìgbà tí eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ. Awọ ẹ̀yìn ẹṣin funfun náà ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ láti ọrùn dé ìdí, bí ìgbà tí ọwọ́ kan bá ń gba ibẹ̀ kọjá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ etí mi ló ń tàn mí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ afẹ́fẹ́ ọyẹ́ lára tapólì tí wọ́n ta bò wá lórí. Mo ti sọ gbogbo ìyẹn fún ara mi, mo sì gbà á lọ́sàn-án. Wọ́n na àwọn ẹṣin náà ní kòbókò, wọn ò mira. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni, mo wo aago. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn gbọn ara lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹran tó jáde nínú omi, tí wọ́n sì fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sábẹ́ òjìji.

Alájà ti dìde. Ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀.

"Bàbá yín ló nù wọ́n," ó ní. "Ó ti dágbére."

Àwọn èèyàn ti ń pariwo, àwọn kan ń bi Bàbá Ìlọrin bóyá ògógóró ló fún ẹṣin mu àbí àgbo ibà. Ọ̀gá tó ni àwọn ẹṣin sọ̀ kalẹ̀, ó ní ẹnì kan ló san owó fún Bàbá Ìlọrin kó fún wọn lóògùn, kó lè dójú ti òun. Bàbá Ìlọrin bọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé ẹṣin lọ́rùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé ọ̀gá náà lọ́wọ́. Mi ò jìnnà sí wọn ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ẹnu tó mọ ìró ẹṣin ṣe láìrò kò lè la ara rẹ̀ láti sọ gbólóhùn kan. Ẹ̀rù ọ̀gá náà bà mí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ Alájà tún wà nínú ọwọ́ mi, ó gbóná, mi ò sì fẹ́ kó tutù.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àsárì, Bàbá Ìlọrin wá sílé wa. Alájà ń jẹ ẹ̀bà, ó ń tún un bù, ó sọ gbogbo bí ọkọ rẹ̀ ṣe wá fún un. Bàbá náà gbọ́ ọ dé òpin, ó ní Ọlọ́run á forí jin ọ̀gá òun. Nígbà tí mo sìn ín dé ojú títì ló tó wò mí.

"Ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ìró yẹn, ọmọ ọ̀gá mi."

Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé òun ò bá mi jà. Ó kàn fẹ́ kí n bá òun dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá náà ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ Mọ́ńdè, kí n ṣe ìró náà létí ẹṣin kan ṣoṣo, kí wọ́n rí i pé kì í ṣe oògùn. Ó wo ọ̀nà ilé wa, ó ní, "Ṣùgbọ́n Alájà á gbọ́ pé ìwọ ni." Mo sọ fún un pé mo ní íńtáfíù ní agogo mẹ́wàá kan náà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí mo ṣe sọ ọ́ kíákíá yẹn, òun náà rí i pé inú mi dùn pé ó jẹ́ òótọ́. Ó ní kí Ọlọ́run ṣe é ní ìrọ̀rùn. Wọ́n gbà mí síṣẹ́.

Ọdún mẹ́ta ti kọjá. Kò sí ẹlẹ́ṣin kankan tó gba Bàbá Ìlọrin síṣẹ́ mọ́. Èbúté Èrò ló ti ń bá wọn ṣọ́ àpò àlùbọ́sà, àwọn alárùú ibẹ̀ ń pè é ní Bàbá Olóògùn Ẹṣin, ó sì ń dáhùn. Alájà ti sanra, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà wá pé ọkọ òun dágbére fún òun níwájú gbogbo Èkó. Ohun tí ọjọ́ yẹn wá jẹ́ fún mi ni pé mo rí bí dídákẹ́ mi ṣe ń bọ́ ẹnì kan, tó sì ń febi pa ẹlòmíràn, tí mo sì ń pe ìyẹn ní àánú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Bàbá Ìlọrin ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀gá náà ti gbà láti gbọ́ tẹnu rẹ̀ bó bá mú ẹlẹ́rìí wá, lọ́jọ́ Alàmísì tó ń bọ̀. Mo fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní èmi nìkan ló ṣe ìró náà, mi ò mọ̀ bóyá òtítọ́ ni mo sọ tán, nítorí ìró kejì yẹn. Bí mo bá sì sọ̀rọ̀ ìró kejì, ta ló máa gbà mí gbọ́, àti pé irú ẹlẹ́rìí wo ni mo fẹ́ jẹ́ fún bàbá náà? Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé láàrin àgbà méjì rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọ̀dọ̀ ta ni kí n kọ́kọ́ lọ: ọ̀dọ̀ àwọn ẹṣin ni, àbí ọ̀dọ̀ Alájà?