Àwòrán Tí Mo Ní Mo Ti Pa Rẹ́

Kámẹ́rà náà kò dára. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, nítorí bí mo bá ń ròyìn rẹ̀ báyìí, ẹnu mi á máa dùn, ẹ ó sì rò pé nǹkan iyì ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló gbé e wálé láti òkè òkun lọ́dún tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá. Àlòkù ni. Ó tóbi tó búrẹ́dì, kò lo fíìmù, dísíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń kì bọ inú rẹ̀. Béèyàn bá tẹ̀ ẹ́, á máa kùn bí ẹni tí inú ń run kó tó gbé àwòrán kan ṣoṣo mì. Bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ kú. Ohun pupa a máa ṣá, ohun dúdú a sì máa ní búlúù nínú. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìfẹ́ tí òun ní sí mi ló jẹ́ kí òun fi ta mí lọ́rẹ. Irọ́ ni, ó ti sú u ni.

Ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì méjì ló bá a wá, èyí téèyàn lè lọ́ mọ́ ọn níwájú, àwọn lẹ́ǹsì yẹn ló sì kó sí mi lórí. Ọ̀kan ń fẹ nǹkan lójú: bí mo bá fi wo pálọ̀ mi kékeré ní Basin, ládùúgbò wa ní Ìlọrin, á gbòòrò bíi gbọ̀ngàn, ògiri á sì tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èkejì ni ti àsúnmọ́. Ìyẹn lè lọ bá èèrà lórí ṣúgà, kó ka ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn èèrà náà sì yọ́ bí òrí inú oòrùn. Tíṣà ni mí nígbà náà. Mo ya ewé, mo ya ṣọ́ọ̀kì, mo ya àtẹ́lẹwọ́ ara mi. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni mí, ilé wa kì í ṣe ilé olówó, n kò sì tíì ní ohun kan rí tí ẹlòmíràn kò ní. Mo wá ní in wàyí, orí mi wú.

Ẹni tí mo sún mọ́ jù ládùúgbò ni Àlájà tó wà ní ilé kejì sí wa. Ẹlẹ́hàá ni. Láti òkè Ọya ni àwọn baba ńlá ọkọ rẹ̀ ti wá sí Ìlọrin, láti ìgbà tí ó sì ti fẹ́ ọkọ yìí, kò sí ọkùnrin tó ń rí ojú rẹ̀ àfi ọkọ náà àti àwọn ẹbí rẹ̀ tímọ́tímọ́. Bó bá máa jáde, á bo ara láti òkè délẹ̀. Nínú ilé, níwájú àwa obìnrin, á ṣí i, á sì máa dá àpárá tí èèyàn á fi rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Bí mo bá ti iléèwé dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń yà sí.

Lọ́jọ́ kan tí mo gbé kámẹ́rà lọ síbẹ̀, ó ń fojú ṣọ́ ọ.

"Ta ní í bá ọ fọ fọ́tò ẹ̀?"

Mo ní kò sí fífọ̀ rárá, lójú ẹsẹ̀ ni àwòrán máa ń hàn lẹ́yìn rẹ̀, kò sí onífọ́tò tó máa fọwọ́ kàn án.

Ó wá ní ìgbà tí òun ya fọ́tò kẹ́yìn, yunifọ́ọ̀mù iléèwé ló wà lọ́rùn òun. Ọkùnrin ló ń yà á, ọkùnrin ló ń fọ̀ ọ́, òun ò sì lè gbé ojú òun fún wọn.

"Ẹ jẹ́ n yà yín, Àlájà."

"Ṣé o lè pa á rẹ́ tí mo bá ti wò ó tán?"

"Kíá báyìí."

"Wàláhì?"

"Wàláhì," ni èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì dáhùn.

Ó jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Mo lọ́ lẹ́ǹsì àsúnmọ́ mọ́ kámẹ́rà, mo sún mọ́ ọn débi pé mò ń gbọ́ mímí rẹ̀. Nígbà tí àwòrán yọ, mo tẹjú mọ́ ọn. Tìróò ojú rẹ̀ hàn fínnífínní, bẹ́ẹ̀ náà ni ìlà tín-ín-rín tí ẹ̀rín ti fà sí igun ojú rẹ̀, àti irun funfun méjì tó yọ jáde lábẹ́ ìborùn. Búlúù burúkú tó ń ba gbogbo àwòrán mi jẹ́ ti wọ inú dúdú ara rẹ̀, ó sì bá a mu. Àlájà gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi, ó wò ó pẹ́.

"Bí mo ṣe rí rèé?" Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó tún wò ó. "Alihamudulilai. Ó tó. Pa á rẹ́."

Mo tẹ bọ́tìnì kan, ojú kámẹ́rà ṣókùnkùn. Mo ní ó ti lọ.

Bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pa kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ni mo tẹ̀. Báwo ni yóò ṣe mọ̀? Ó ní, "O ṣeun, ọmọ dáadáa." Títí di òní, bí mo bá rántí ọpẹ́ yẹn, ṣe ni ara mi ń gbóná.

Mo sọ fún ara mi pé èmi nìkan ni n ó máa wò ó. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi gbìyànjú. Lẹ́yìn náà mo mú dísíkẹ́ẹ̀tì lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Táíwò Road tí wọ́n ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ wọn, nítorí n kò ní kọ̀ǹpútà, mo sì fẹ́ rí àwọn àwòrán mi ní gbàgàdà. Oníṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́ta tó ń dúró de iṣẹ́ wọn. Ewé kọjá, ṣọ́ọ̀kì kọjá, èèrà kọjá. Wọn ò wí nǹkan kan. Ó dùn mí. Mo mọ ohun tó kàn, mo sì lè ní kó yọ dísíkẹ́ẹ̀tì náà. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ẹ dúró ná, ẹ wo èyí."

Ojú Àlájà kún ojú kọ̀ǹpútà bámúbámú.

"Há! Irú lẹ́ǹsì wo rèé?"

"Ẹ wo irun ìpéǹpéjú ṣá!"

"Àǹtí, kámẹ́rà yín kì í ṣe kékeré o!"

Inú mi dùn, mo ń ṣàlàyé bí ẹni pé èmi ni mo rọ lẹ́ǹsì náà. Oníṣọ́ọ̀bù ní òun á tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́fẹ̀ẹ́ bí mo bá lè jẹ́ kí òun lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì ẹnu ọ̀nà, kí aráyé lè rí ohun tí kọ̀ǹpútà òun ń ṣe. Kò bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wá ọ̀nà gba ibẹ̀ kọjá láìní ohun tí mo fẹ́ rà. Mo kàn fẹ́ wo àwọn tó ń wò ó ni.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi ò pé oṣù kan. Ọmọbìnrin Àlájà, tó wà ní pólì, lọ ṣe fọ́tókọ́pì ní Táíwò Road, ó sì bá ojú ìyá rẹ̀ lára gíláàsì. Ó já a, ó ká a sábẹ́ híjáàbù rẹ̀, ó gbé e lọ fún un. Ọkọ Àlájà kò tíì gbọ́. Bó bá gbọ́, ta ni yóò gbà gbọ́ pé kì í ṣe Àlájà fúnra rẹ̀ ló gbé ojú rẹ̀ fún wọn?

Nígbà tí mo ti iléèwé dé, ọmọ náà ti ń dúró dè mí lẹ́nu géètì. Kò kí mi. Ó ní, "Màmá ń pè yín."

Àlájà jókòó lórí ẹní, àwòrán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sẹ́lótéèpù ṣì wà ní igun rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kó tó la ẹnu. Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn fún mi.

"O ní o ti pa á rẹ́."

"Àlájà, ẹ dákun, ẹ foríjì mí."

"Ọkùnrin wò ó?"

"Wọ́n wò ó, mà."

"Ọjọ́ mélòó?"

"Ọjọ́ mẹ́jọ, mà."

Mo wá bẹ̀rẹ̀ àwáwí. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ sílẹ̀: lẹ́ǹsì ni mò ń ṣàlàyé fún un. Mo ní irú rẹ̀ ò wọ́pọ̀, mo ní láti ọjọ́ tí mo ti ń lò ó, kò ya ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, bí ẹni pé ó yẹ kó bá mi yọ̀. Ó jẹ́ kí n rò ó tán.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Àwọn ta ni, mà?"

"Àwọn tó wò ó. Kí ni wọ́n wí?"

Mo ronú, mo ronú. N kò tún lè purọ́ fún un.

"Wọ́n ní lẹ́ǹsì náà dáa, mà."

"Èmi ńkọ́?"

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó béèrè ẹni tó ni ojú yẹn. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ lẹ́ǹsì ni mò ń bá wọn sọ.