Eyín Ọmọ àti Inú Òfìfo

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, gúgúrú àti ẹ̀pà ni ìpanu wa. A ó rà á sínú ìwé ìròyìn, a ó jẹ ẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà kálukú á fi orín sẹ́nu, a ó máa jiyàn òṣèlú títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo ṣì ń rántí bí orín yẹn ṣe máa ń ta mí lẹ́nu. Ẹyọ eyín kan péré ló tíì bọ́ lẹ́nu mi títí dòní. Ìdí nìyẹn tí kò fi tètè yé mi pé kòkòrò lè jẹ eyín ọmọ ọdún márùn-ún tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ-ọmọ mi ni. Ó tó ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù àgbáyé ní South Africa, èmi àti ìyàwó mi lọ kí ọmọ wa obìnrin ní Midrand, níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀, ọmọ Zulu, ń gbé. Láràárọ̀ ni wọ́n ń wa ọmọ náà lọ sí ilé ìwé láàárín Johannesburg, sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ sì ni ọ̀nà náà. Kí ó má bàa ké, wọ́n á fún un ní júùsì. Bí róbọ́ọ̀tì bá dá wọn dúró, bí wọ́n ṣe ń pe iná ojú ọ̀nà níbẹ̀, bísíkíìtì ló kàn. Tó bá délé, ìyàwó mi á gbé abọ́ ṣin-ṣín tó dín fúnra rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọmọ á máa bù ú jẹ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ìgbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú ni a gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín.

"Kì í ṣe bí ṣúgà ṣe pọ̀ tó nìkan," ni dókítà náà wí. "Bó ṣe ń wọ ẹnu ní gbogbo ìgbà ni. Láàárín oúnjẹ sí oúnjẹ ni itọ́ ẹnu máa ń ṣe àtúnṣe eyín. Ẹ ò fún un láyè."

Eyín mẹ́ta ni wọ́n máa yọ, wọ́n sì máa fún un ní oògùn oorun kí wọ́n tó yọ wọ́n. Ó kìlọ̀ pé ọmọ ò gbọ́dọ̀ fẹnu kan nǹkan kan ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Tí ó bá bì lójú oorun yẹn, èébì lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè pa á.

Nínú ọkọ̀, ọmọ wa ò wo ẹ̀yìn. "Màmá, tí ẹ bá tún fún ọmọ yìí ní ohunkóhun, ẹ ó padà sílé ni o."

"Èmi ni mo ń rọ júùsì sí i lẹ́nu nínú mọ́tò, àbí?"

"Eish," ni ọkọ rẹ̀ wí, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe máa ń kẹ́dùn. Ó tan rédíò.

Ọjọ́ pé. Òtútù ń mú. A jókòó ní ilé ìwòsàn, ọmọ náà sùn lọ sí itan mi. Ọmọ wa àti ọkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ìyàwó mi wá rọra tẹ̀ sétí mi.

"Ọkàn mi ti balẹ̀. Mo ti fi ògì díẹ̀ sí i nínú."

Mo wò ó. "Nígbà wo?"

"Kí ẹ tó jí. Irú oògùn líle bẹ́ẹ̀, lórí inú òfìfo? Ṣé wọ́n fẹ́ pa á ni?"

Bí wọ́n ṣe tọ́ ìyàwó mi nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe tọ́ àwọn ọmọ wa: oògùn kankan ò gbọ́dọ̀ wọnú ẹni tí kò tíì jẹun. Mo fẹ́ ṣàlàyé fún un, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ti ń bọ̀ pẹ̀lú ibùsùn onítáyà. Ojú mi ni ìyàwó mi ti mọ ohun tí ó ṣe. Ó di apá mi mú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ wa yóò lé mi lọ."

Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ náà kúrò lórí itan mi. Ó jí, ó ń wá ìyá rẹ̀ kiri. Wọ́n tì í dé ẹnu ilẹ̀kùn kí ohùn mi tó jáde.

"Ẹ dúró! Ó ti mu ògì!"

Ọmọ wa yí padà. Ìyá rẹ̀ ló ń wò. "Màmá?"

Wọn ò ṣe iṣẹ́ náà lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó sunkún délé.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, lọ́jọ́ tuntun tí wọ́n dá fún wa, kí ẹnikẹ́ni tó jí, ìyàwó mi ti jáde lọ jókòó sínú ọkọ̀ nínú òtútù, ó fi ìborùn bo orí. Nígbà tí ọmọ náà wọ ọkọ̀ tọ̀ ọ́ tó ní, "Grandma, I'm hungry," ó kọjú sí fèrèsé.

Ní ilé ìwòsàn, a tún jókòó sórí àga kan náà. Ọmọ wa wà ní òdìkejì. Nígbà tí dókítà jáde, tó ní ọmọ náà ti jí, tó sì ti ń béèrè ìyá rẹ̀, ìyàwó mi ló kọ́kọ́ dìde.

"Ìgbà wo ló lè jẹun?"

Ọmọ wa wò ó títí. Mo ń retí ìjà. Ó wá na ọwọ́, ó mú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì jọ wọlé lọ.