Kóòtù Tí Ìyá Mi Kọ́kọ́ Wọ̀

Òórùn káfúrà ni mo fi ń rántí yàrá ìyá mi ní Bẹyẹrunkà n'Ìbàdàn, lọ́dún tí mo ń múra àtilọ kọ́ṣẹ́ ìwé títẹ̀ nílùú òyìnbó. Kóòtù dúdú kan kọ́ sórí ìṣó níbẹ̀, àlòkù tí mo rà lọ́jà Gbági. Irun àgùntàn ni wọ́n fi hun ún, ó sì wúwo bí ọmọ tó sùn lọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Gbogbo ètò ti parí, àfi pé ìyá mi ò tíì yọ̀ǹda mi. Òtútù àyà ló pa ẹ̀gbọ́n mi ní kékeré, ìyá mi sì ti búra pé òtútù ò ní í gba ọmọ kejì lọ́wọ́ òun.

Òtútù ọyẹ́ nìkan ló mọ̀. Ó ti di òrí sínú agolo fún mi, kí ètè mi má baà là. Síbẹ̀, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ tíṣà kan ní Òkè Padre tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti London dé.

Tíṣà ní, "Màmá, òtútù ibẹ̀ kì í dá wá. Òjò àti atẹ́gùn ló máa ń bá a rìn. Kó wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ léra wọn sínú, kí kóòtù wà lókè, kó má sì jẹ́ kí omi kan òun lára."

Ìyá mi ní, "Ọyẹ́ àti òjò? Lẹ́ẹ̀kan náà?"

Ìwọ náà mọ̀ pé nílé wa, bí ọ̀kan bá dé, èkejì á ti lọ. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè ò ti tán lẹ́nu rẹ̀: ṣé òkè ni òjò ọ̀hún ń gbà rọ̀, àbí atẹ́gùn ló ń gbé e wá láti ẹ̀gbẹ́? Ta ni mo fẹ́ bi?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò dé tìjìtìjì. Mo wo ìṣó, n ò rí kóòtù. Àwọn aládùúgbò ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n nàka sí òkè Mápó, mo bá sáré gba ibẹ̀ lọ. Ìyá mi ló dúró lórí àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn Mápó, kóòtù bò ó dé kókósẹ̀, ó kọjú sí ìjì. Ojú tì mí, ẹ̀rín sì ń pa mí.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká lọlé!"

"Dúró ná. Ìròyìn ò tó àfojúbà. Mo fẹ́ mọ ibi tí òjò ń gbà wọlé."

Nígbà tá a délé, ó ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn. "Àyà gbẹ, ẹ̀yìn gbẹ. Ọrùn lolè ń gbà wọlé." Ó gé ìborùn òfì tó fi ń ròde sí méjì, ó ṣẹ́ etí rẹ̀, ó sì wé e mọ́ mi lọ́rùn. "Ó yá, máa lọ. Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ."

Lọ́jọ́ tí mo sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi nílùú òyìnbó, òjò winniwinni ń rọ̀, ẹ̀gbẹ́ sì ni atẹ́gùn ti ń gbé e bọ̀. Ó tú mi wò látòkè délẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ọrùn mi gbà wọlé. Mo dúró ní èbúté náà, mo ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú mi. N ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Àmọ́ ìyá mi, tí kò kúrò n'Ìbàdàn rí, ti débẹ̀ ṣáájú mi.