Ìgbà Tí Ìyá Rẹ̀ Jókòó Wò Ó

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìyàwó mi wo ọmọ wa obìnrin lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà. Kò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n fi gbé ọmọ náà kúrò lórí pápá, orúnkún rẹ̀ ti yẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ní ojú òun kò dára fún bọ́ọ̀lù ọmọ òun.

Ọmọ náà lọ Ife Áfíríkà, ó lọ Ife Àgbáyé, ó tún lọ, títí àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ fi di ìyá ọlọ́mọ. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ẹ̀yìnkùlé wa ní Olódò ni ìyá rẹ̀ máa ń wà, nínú aṣọ funfun ìjọ wọn, láìwọ bàtà, tí á máa gbàdúrà. Èmi ni mo máa ń ké bí eré ṣe ń lọ sí i láti ojú fèrèsé.

“Bàbá, ṣé ó ṣì dúró?”

“Ó dúró. Ó ti gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ òyìnbó kan.”

“Ẹ ṣá sọ fún mi pé ó dúró. Ìyẹn tó mi.”

Mo gbádùn iṣẹ́ yẹn. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, àwọn obìnrin kì í gbá bọ́ọ̀lù. Aṣọ wa ni wọ́n ń bá wa dì mú. Mo rò pé ìdíje mìíràn yóò máa wà ṣáá.

Láìpẹ́ yìí ni ọmọ wa pè láti òkèèrè.

“Màámi, èyí ni ìkẹyìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó wò mí.”

Ìyá rẹ̀ gbààwẹ̀ kó tó jókòó sórí àga mi. “Èwo ni nínú wọn?”

Mo wá a títí. Orí bẹ́ńṣì ló wà, láàárín àwọn tó ń retí kí wọ́n pè wọ́n wọlé. Ọmọdébìnrin kan ló wà ní ipò rẹ̀. A dúró dè é títí fèrè ìkẹyìn fi dún. Wọn kò pè é.

“Ẹ ò rí i? Mo ní kí n má wò ó.”

“Kì í ṣe ojú rẹ. Ọjọ́ orí ni.”

Kò gbà.

A lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú ní Alákìá. Orúnkún kan ló lè fi kúnlẹ̀ kí wa.

“Màámi, ṣé ẹ wò mí?”

“Mo wò ọ́, ọmọ mi. O mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó o!”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi gbé àpò rẹ̀. Bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ so rọ̀ lára àpò náà. Kò sí erùpẹ̀ kankan lábẹ́ rẹ̀.